Kí Irin Àtijọ́ Tó Gorí Òṣùwọ̀n

Òórùn ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti sún mọ́ Solous. Bí o bá wọ dánfó láti Ìyànà-Ìbà, tí ọkọ̀ kọjá Àkẹsàn, tó ku díẹ̀ kí ó wọ Ìgàndó, afẹ́fẹ́ yóò yí padà kí ojú tó rí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni òkìtì ààtàn yóò yọ lókè òrùlé, tí lékèélékèé ń fò lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ akólẹ̀ tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan: Solous kìíní, ìkejì àti ìkẹta ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ohun tí Èkó bá lò gbó, ohun tó bá fọ́, ohun tí ẹni tó ni ín bá kú tí àwọn ọmọ kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń sùn sí.

Irin nìkan ni kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gun ààtàn náà láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ti ń ṣà á kí oòrùn tó mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, láti Ìgàndó dé Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, wọ́n ń ké “Kọ́ńdẹ̀m! Kọ́ńdẹ̀m!”, wọ́n ń ra ìkòkò tó lu, fáànù tó jóná, gẹ́ètì tó ti dógùn-ún. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò pàdé nínú ọgbà kọ́ńdẹ̀m, níbi tí òṣùwọ̀n ti ń sọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́. Òṣùwọ̀n kì í bi irin ní ọjọ́ orí. Ohun tó gbé mi wá sí Ìgàndó nìyẹn.

Ọgbà tí mo wọ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà ńlá. Alhaji tó ni ín jókòó sẹ́nu gẹ́ètì, ìwé ìṣirò lórí itan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji. Ọlọ́run á bù sí i.”

“Àmín, àmín. Ẹ wọlé. Tíṣà ti ń retí yín.”

Inú ọgbà náà pín sí òkìtì-òkìtì. Irin ló ga jù: rẹ́ǹgì ọkọ̀, rọ́ọ̀dù, páànù ọkọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀. Alumíníọ̀mù wà lápá kan, idẹ ẹnu ẹ̀rọ omi lápá kan, bàbà tí wọ́n yọ nínú wáyà iná sì wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, nítorí pé kílò bàbà kan lówó lórí ju ọ̀pọ̀ kílò irin lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n ni korobá ọ̀dà kan wà tí kò sí nínú ìṣirò. Korobá Tíṣà ni.

Bàbá tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà yìí kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun àti Alhaji jọ ṣàdéhùn: ohunkóhun tó bá jọ pé ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, kí àwọn ọmọ jù ú sínú korobá náà, kí òun wò ó kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá já mọ́ nǹkan, yóò padà sínú òkìtì. Bí ó bá já mọ́ nǹkan, Alhaji yóò yọ ọ́ kúrò nínú ọjà. Owó kékeré ni ìyẹn ń ná an. Mo rò pé ó ń ṣe fún orílẹ̀-èdè yìí ju bí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ lọ, nítorí ohun tó bá gba ibi òṣùwọ̀n yẹn kọjá, inú iná ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló ń lọ tààrà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Katsina kan, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìdímù, tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó da korobá náà lé e lórí, ó sì bu omi wá.

“Gbé omi yẹn padà, ọmọ mi,” ni Tíṣà wí. “A ò tíì mọ ohun tí a fẹ́ fọ̀.”

Gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ló wà nínú gbólóhùn yìí. Ẹni tó bá rí irin àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa yá láti fi yanrìn ha á, láti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, láti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó títí yóò fi tàn. Tíṣà wo gbogbo rẹ̀ ní gbígbẹ ná, ó pín wọn, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò nínú oòrùn. Èmi náà lóṣòó tì í.

Ohun àkọ́kọ́ tó mú jáde ni òòfà kan tí wọ́n yọ lára gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, tó fi okùn so. Ó ń jù ú lọ jù ú bọ̀ lórí ẹrù náà. Ìṣó, ọkọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, àgádágodo ńlá kan, gbogbo wọn fò mọ́ ọn. Òkúta dúdú kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ rọra fà sí i, kò lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ìdàrọ́ ni: ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń yọ irin nínú òkúta. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ohun tó rí sílẹ̀ nípa ilé ìyọrin ní Ọlá-Ìgbì, lágbègbè Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń yọ irin fúnra wọn nígbà yẹn. Ìdàrọ́ kò ní iye kankan lọ́jà kọ́ńdẹ̀m. Ṣùgbọ́n níbi tí ìdàrọ́ bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, alágbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Òòfà náà tún ń ṣọ́ ohun mìíràn. Ó mú kọ́bọ̀ mélòó kan tó pọ́n bíi bàbà, ó sì fi kọ́bọ̀ méjì tó jọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó mú jẹ́ ti 1991, ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe owó wẹ́wẹ́, tí wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú. Àwọn tó fi sílẹ̀ jẹ́ ti 1973, nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè, tí kọ́bọ̀ kan sì jẹ́ idẹ láti inú dé òde.

Bí òòfà bá ti mú ti ọwọ́ rẹ̀ tán, àwọ̀ ló kù. Ohun tó bá ní bàbà nínú, yálà bàbà gan-an tàbí idẹ, á fi àwọ̀ ewé hàn. Òjé a máa ní eérú funfun lójú, ó wúwo ju bí ó ti tó lọ, a sì máa fa ìlà dúdú sórí bébà. Tíṣà kì í fi ọwọ́ lásán pa á lára, nítorí òjé a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, kò ní gbà kí ọmọ òun ṣeré nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ìyẹ̀fun funfun ló ń bò ó. Fàdákà a máa dúdú.

Àwọ̀ náà a máa tanni. Idẹ tó sùn ti irin nínú ilẹ̀ lè ru ìpẹtà irin sára títí ènìyàn yóò fi pè é ní irin. Nítorí náà ni Tíṣà ṣe ní òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó ti di kìkì ìdọ̀tí àti àwọ̀ ewé, tó tóbi tó ti ọwọ́ obìnrin, ó wọ̀n ọ́n: gíráàmù 210. Lẹ́yìn náà ó fi òwú gbé e rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ abọ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì dín sí 186. Ó pín 210 sí ọ̀nà 24 tó dín kù, ó rí 8.75, ìyẹn ìlọ́po tó fi wúwo ju omi tó lè kún àyè rẹ̀ lọ.

“Irin ò kọjá 7.9,” ni ó wí. “Òjé á lé ní 11. Bàbà gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9. Èyí, idẹ ni.”

Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan nínú ìyẹn. Kò tíì fi nǹkan kan ha á, ó sì ti mọ ohun tó jẹ́.

Mo bi í léèrè nípa ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá irin nínú ilẹ̀, nítorí mo rí ọ̀kan lára ògiri ọgbà náà. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń rán agbára òòfà wọ ilẹ̀ láti inú wáyà tó ká roboto sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí agbára náà bá bá irin, idẹ tàbí fàdákà pàdé, iná díẹ̀ á yí nínú nǹkan náà, ẹ̀rọ á gbọ́ ọ, á sì ké. Ní Solous, kò wúlò rárá. Ìdérí ìgò, agolo mílíìkì, bébà fàdákà inú sìgá, gbogbo wọn ló ń jẹ́ ẹ. Tíṣà ń fi ṣe ohun kan péré: bí àwọn ọmọ bá gbé ìṣùpọ̀ amọ̀ líle wá, ó máa ń rọra gbé ẹ̀rọ náà kọjá lórí rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé hámà.

Kì í gbé e lọ sí oko tàbí sẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá gba àṣẹ onílẹ̀ lè máa fi ẹ̀rọ yìí rìn nínú oko. Òfin 1996 sọ irú ohun tó pọn dandan kí ó fi tó ìjọba létí, ètò tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ ní 1997 ti kọ ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ sílẹ̀ láti ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Òfin tó dá àjọ àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní 1979 kò fàyè gba wíwú ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, bóyá níbi tó ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí kànga, gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Gbígbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nínú ẹrù tó wà nílẹ̀ yẹn, ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni àwọn owó oníhò. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún lónìí lè ti ná wọn rí: ọ̀nìní, eépìnnì, kọ́bọ̀, tí ihò wà láàárín wọn tí wọ́n fi ń fi okùn so wọ́n. Ọ̀nìní mẹ́wàá ló ń ṣe kọ́bọ̀ kan nígbà yẹn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀nìní àkọ́kọ́ ní 1907, ṣùgbọ́n kò bá ojú ọjọ́ wa mu; láàárín ọdún kan, wọ́n ti yí i sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Ní 1952 wọ́n tún sọ ọ́ di idẹ. Nítorí náà, bí ọ̀nìní kan bá ru ìyẹ̀fun funfun tó sì fúyẹ́, ó ti pé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ dájúdájú. Bí ó bá funfun bíi fàdákà tí òòfà ò mú un, ó wà láàárín 1908 sí ìgbà tí Ọba George kẹfà kú. Bí ó bá pọ́n, ó kéré sí ìyẹn lọ́jọ́ orí. Ènìyàn ti mọ sànmánì rẹ̀ kí ó tó ka nọ́ńbà kankan.

Ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ náà ní ìtàn tiwọn. Láti 1913, fàdákà gidi ni wọ́n. Ní 1920, lẹ́yìn tí fàdákà gbówó lórí nítorí ogun àgbáyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe wọ́n. Ṣílè kan wà nínú korobá náà tó ní àwọ̀ ewé. Ẹnì kan tó ń ra fàdákà ti kọ̀ ọ́, ó ní ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú rárá, bí ìjọba òyìnbó ṣe ṣe é nìyẹn.

Tíṣà fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá hàn mí ohun kan lábẹ́ ọdún tó wà lára ọ̀nìní kan: lẹ́tà H, tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni. KN ni ti Kings Norton, ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìlú kan náà. Èyí tí kò ní lẹ́tà sábà máa ń jẹ́ ti London. Bí ọmọ kan bá fi yanrìn fọ owó yìí, á tàn yanran, H á sì lọ. Nínú korobá náà gan-an la ti rí ọ̀kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó ń dán bí òrùka tuntun. A ò lè ka nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

Ọsàn wẹ́wẹ́ burú ju yanrìn lọ lára idẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ti fi ọsàn àti eérú fọ idẹ láti ìgbà pípẹ́, fún ohun èlò tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò rí bẹ́ẹ̀. Idẹ jẹ́ bàbà àti síńkì. Omi kíkan a máa kọ́kọ́ jẹ síńkì, bàbà nìkan á wá kù lójú rẹ̀ bíi kànìnkànìn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn tó ń rí i á ní ó ti mọ́, kí wọ́n tó mọ̀ pé awọ rẹ̀ ni wọ́n bó.

Nígbà tó kan ẹ̀gbà ọwọ́ gíráàmù 210 yẹn, Tíṣà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ìtayín tí wọ́n fi ọparun ṣe tọ́ka sí apá inú rẹ̀, níbi tí àwọ̀ ewé ti nípọn jù. Mo tẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ìlà wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tó ré kọjá ara wọn lóròó àti níbùú: òwú. Aṣọ kan ti fara ti ẹ̀gbà yìí nínú ilẹ̀. Aṣọ náà ti jẹrà, ṣùgbọ́n omi bàbà ti wọ inú okùn rẹ̀ kí kòkòrò tó jẹ ẹ́, ó sì sọ ọ́ di òkúta.

Ọ̀nà yìí gan-an ni aṣọ Igbo-Ukwu fi yè. Ní 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi sí agboolé rẹ̀ nígbà tó kan àwọn ohun èlò idẹ. Thurstan Shaw wá gbẹ́ ibẹ̀ bí ó ti yẹ láti 1959, ó sì tún padà ní 1964. Lára àwọn ohun tó jáde ni àjákù aṣọ tí idẹ tó wà nítòsí rẹ̀ fi omi bàbà dá sí, láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní Benin náà, nígbà tí Graham Connah gbẹ́ kòtò kan láàárín ìlú ní àwọn ọdún 1960, àjákù aṣọ jáde pẹ̀lú ẹ̀gbà bàbà àwọn obìnrin tí wọ́n sin síbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti fún ọsàn sórí àwọn ẹ̀gbà wọ̀nyẹn kí ó lè rí bí wọ́n ṣe ń dán, ọ̀rọ̀ nípa aṣọ wa láyé ìgbà yẹn ì bá ti pòórá sínú omi ìfọṣọ kan ṣoṣo. N kì í lè ronú lórí èyí kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ẹ̀gbà náà kò ní rí omi rárá. Tíṣà fi bébà rírọ̀ wé e, ó gbé e sínú kóòlà oníke tó ní ìdérí, ó sì kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú bàtà tì í, àwọn tó ń fa ọ̀rinrin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta bàtà ní Katangua ló ń kó wọn pamọ́ fún un. Ọ̀tá idẹ ni ọ̀rinrin Èkó jẹ́. Bí iyọ̀ ilẹ̀ bá ti wọ idẹ lára, tí afẹ́fẹ́ tútù sì bá a, ìyẹ̀fun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú rẹ̀ ní tóótòòtó, á máa jẹ ẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró. Àrùn idẹ ni àwọn oníṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ń pè é. Àwọ̀ ewé tó le, tó dúró, tó sì ń dán díẹ̀, ìyẹn ń dáàbò bò ó. Èyí tó bá ń ya bí ẹfun tí a bá fi ọwọ́ kàn án ni kí ènìyàn bẹ̀rù. Bí o bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, gbé nǹkan náà sínú abọ́ tó ní ìdérí pẹ̀lú bébà tútù fún ọjọ́ kan. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá yọ, àrùn náà ṣì wà láàyè. Kí o yára gbé e síbi gbígbẹ, kí o sì fi ìtọ́jú yòókù sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ.

Ohun kan kù lórí àpò náà tí a ò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: ère idẹ kékeré kan, ìka méjì ní gíga, tí ọ̀pá irin yọ ní ìdí rẹ̀. Èmi àti Tíṣà wo ara wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ mú un, Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́. Edan Ògbóni ni. Méjì ló yẹ kí ó jẹ́, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀. Ìkejì kò sí. Irin tó wà nínú rẹ̀ ti wú nítorí ìpẹtà, ó sì ti la idẹ náà ní ìdí. Nígbà tí idẹ àti irin bá fara kanra nínú omi, irin ló ń san gbèsè náà, á máa jẹrà ju bí ì bá ti jẹrà lóun nìkan lọ. Omi kíkan kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ohun dúdú tó sì bò ó lójú kì í ṣe ìdọ̀tí. Epo, osùn àti ohun tí wọ́n ti fi bọ ọ́ fún ọdún pípẹ́ ni. Ẹni tó bá fọ ìyẹn kúrò ti fọ iṣẹ́ tí ère náà ṣe láyé. Alhaji, tó jẹ́ Mùsùlùmí òdodo, kò jiyàn. Ó ní àwọn àgbà Àwórì tó ni ìlú ni òun yóò kọ́kọ́ fi hàn, kí wọ́n sọ ohun tó yẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a lọ sí ilé Tíṣà, níbi tó ti ń fọ ohun tó ṣeé fọ̀. Irin ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi òòfà wo ọkọ́ àti àgádágodo lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi púpọ̀ lára wọn. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, irin ṣì wà nínú. Bí ó bá ń rọra fà á, tí nǹkan náà sì fúyẹ́, ìpẹtà nìkan ló kù, ìpẹtà ọ̀hún ló sì ń di ìrísí rẹ̀ mú. Irú ìyẹn, bí o bá fọ̀ ọ́, á tú dànù sínú abọ́.

Abọ́ oníke ńlá wà lẹ́yìnkùlé, níta gbangba. Ó da omi sí i, ó fi sódà ìfọṣọ sí i, ṣíbí kan sí lítà mẹ́rin. Ó so okùn dúdú bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọkọ́ náà, ó so okùn pupa mọ́ àjákù rọ́ọ̀dù, ó rì méjèèjì sínú omi láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Láìpẹ́, ìfófòó wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ọkọ́ náà, ó ń ti ìpẹtà kúrò láti abẹ́. Bí o bá pààrọ̀ okùn méjèèjì, ọkọ́ ni iná náà á jẹ. Bí o bá fi iyọ̀ dípò sódà, afẹ́fẹ́ olóró ni wàá máa fà símú. Bí o bá lo irin tí kì í dógùn-ún dípò rọ́ọ̀dù, omi náà á di májèlé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìfófòó yẹn sì máa ń gbiná, nítorí náà kò sí sìgá, kò sí sítóòfù nítòsí.

Ó ti fi ọkọ́ mìíràn sínú omi láti ìjọ́ mélòó kan, ó gbé e jáde fún mi. Lábẹ́ ìpẹtà, ìlà tó nà lọ tààrà wà lára rẹ̀, tó jọ ti inú igi. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi òlù lù léraléra ló ń ní ìlà báyìí, nítorí ìdàrọ́ tó há sínú rẹ̀. Irin tí ilé-iṣẹ́ òde òní yọ́ kì í ní i. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rọra gbá a, ó fi omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ṣan án, nítorí omi ẹ̀rọ wa ní iyọ̀, ó gbé e sínú oòrùn títí ó fi gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà, ó fi omi èso bàgàrùwá pa á lára, èso tí àwọn Hausa fi ń ṣe awọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Katsina yẹn ló kọ́ ọ. Ohun tó wà nínú èso náà àti ohun tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń rà nínú ìgò fún iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ni wọ́n: ó ń sọ ìyókù ìpẹtà di dúdú tí kì í tàn kiri mọ́. Ó fi àbẹ́là tó yọ́ bò ó. Ó parí.

Kò sí ohun tó ń yá Tíṣà lára bí kíkìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbá. Ní January 27, 2002, ilé ìhámọ́ra ológun ní Ìkẹjà bú gbàù. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn rì sínú odò Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn, ọta tí kò tíì bú sì fò káàkiri. Òkè-Àfà kò jìnnà sí Ìgàndó. Irin gígùn tó rí roboto, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó wúwo, bí ó ti wù kí ó dógùn-ún tó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi hámà kàn án. Kí wọ́n sá kúrò nídìí rẹ̀, kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Nígbà tí a padà sí ọgbà, oòrùn ti ń rọ̀. Tíṣà ń kọ ìwé tí yóò tẹ̀ lé ẹ̀gbà náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Oníkàn. Ìwọ̀n rẹ̀, bí ó ti rí, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ó wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù, ó sì gbé bíírò dúró: ibo ni wọ́n ti rí i? Ìbéèrè yìí ló pa wá lára ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tó lẹ́wà jù tí ayé mọ̀. Wọ́n yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan kọjá sókè òkun: ọ̀kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London títí di òní, méjì tí William Bascom ará Amẹ́ríkà rà ló sì dá padà ní 1950. Orí wọ̀nyẹn ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò nínú ilẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sílẹ̀ nígbà tí ṣọ́bìrì ń lọ.

Alhaji pe ọmọ tó gbé ẹ̀gbà náà wá. Ọmọ náà ronú, ó ní òun kò rí i lórí Solous. Inú yẹ̀pẹ̀ ló ti mú un, yẹ̀pẹ̀ tí típà kan dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lápá Ẹ̀gàn, láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan. Ìyókù yẹ̀pẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀.

Tíṣà fi bíírò sílẹ̀. “Ṣé wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ?”

“Ọ̀la ni wọ́n á da kọnkéré sí i, Bàbá.”

Alhaji ti gbé fóònù, ó ń wá nọ́ńbà awakọ̀ típà náà.